Update Dé, Ilé Gẹ́ẹ̀mù Pariwo: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé Wa L'Óṣogbo

Láti ìgbà tí update tuntun fún àwọn ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù ti jáde ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, láti Ọlá-Ìyá títí dé Òkè-Baálẹ̀. Àwọn kan ní ó ba ẹ̀rọ àwọn jẹ́, àwọn kan ní ó jẹ dátà àwọn tán, ẹnìkan tilẹ̀ ní kí a bá òun bẹ iléeṣẹ́ Sony kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà fún òun. A ti ka gbogbo rẹ̀. Èrò wa ni pé ẹjọ́ update kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe ń rò ó. Iná tó lọ lójijì, háàdì-dísìkì tó ti gbó àti ìkánjú ló dá ọ̀pọ̀ wàhálà tí ẹ kọ wá sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé gẹ́ẹ̀mù ní Ọlá-Ìyá, PS4 Slim mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ń ṣe update fún ọ̀kan lọ́wọ́ ni NEPA mú iná lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá tàn án, kì í lọ ju ojú dúdú kan tó ní kí n fi wáyà so páàdì mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà mi ní update ti pa á. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò ní kí n lọ wá owó mọ́tò-bọ́ọ̀dù. Ṣé òótọ́ ni? — Onílé Gẹ́ẹ̀mù, Ọlá-Ìyá

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì wá owó kankan. Ẹ̀rọ tó bá ṣì lè kọ̀wé sójú tẹlifíṣọ̀n pé kí ẹ so páàdì mọ́ òun, a jẹ́ pé ẹ̀mí ṣì wà nínú mọ́tò-bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ohun tí ẹ ń wò yẹn ni wọ́n ń pè ní Safe Mode. Iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ sọ́fítíwià tuntun lé orí ti àtijọ́. Nígbà tí iná padà dé, ó rí i pé èyí tó wà lára òun kò pé, ló bá kọ̀ láti wọlé. Ó ń dúró kí ẹ gbé odidi rẹ̀ wá fún òun.

Ẹ wá kọ̀ǹpútà kan àti fláàṣì tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀. Ẹ fọ́máàtì fláàṣì náà sí FAT32 tàbí exFAT, nítorí pé PS4 kì í ka NTFS. Ẹ ṣí fódà kan sórí rẹ̀, kí ẹ pè é ní PS4. Nínú PS4 yẹn, ẹ tún ṣí òmíràn, kí ẹ pè é ní UPDATE. Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ fi kọ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sójú-ewé PlayStation fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba fáìlì náà, kí ẹ fi sínú UPDATE. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ PS4UPDATE.PUP, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀: bí ẹ bá ti gba fáìlì yìí rí sórí kọ̀ǹpútà kan náà, kọ̀ǹpútà á fi (1) sí ìdí orúkọ èkejì, PS4 á sì ní òun kò rí nǹkankan lórí fláàṣì. Ẹ pa (1) yẹn rẹ́.

Fáìlì méjì ló wà lójú-ewé náà, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ́. Kékeré, bíi 500MB, ni ti update lásán. Ńlá, tó tó nǹkan bíi 1GB, ni ti títún gbogbo sọ́fítíwià gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ lò.

Ẹ pa PS4 náà pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀, kí ẹ má tíì gbọ́wọ́ kúrò: á dún lẹ́ẹ̀kan, tó bá tó bíi ìṣẹ́jú-àáyá méje, á tún dún. Ìdún kejì yìí ni kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ fi wáyà so páàdì mọ́ ọn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì PS àárín rẹ̀. Wáyà tó ń gbé dátà ni o. Ọ̀pọ̀ nínú wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lójú títì, iná nìkan ló ń gbé. Páàdì á gba iná, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà 3, Update System Software, ni kí ẹ mú, kí ẹ yan USB. Gẹ́ẹ̀mù kò ní sọnù, ibi tí ẹnikẹ́ni bá eré dé kò sì ní sọnù. Bí 3 bá kọ̀, ẹ mú 5, Rebuild Database. Òun náà kì í pa gẹ́ẹ̀mù rẹ́, àmọ́ ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí bí háàdì-dísìkì bá kún. Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán, kí ẹ tún gbìyànjú 3. Nọ́ńbà 7 ló kẹ́yìn. Fáìlì ńlá ló ń lò, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ ló sì ń gbá dànù: àkáǹtì, gẹ́ẹ̀mù, ibi tí eré dé, àwòrán, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹni tó bá sáré lọ tẹ 7 nígbà tí 3 ì bá ti tó ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Bí 7 náà bá ń dúró sójú kan náà nígbà gbogbo, háàdì-dísìkì ni kí ẹ fura sí. Ti PS4 Slim kò ṣòroó pààrọ̀: ẹ yọ ìdérí kékeré tó wà ní igun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìdè kan ṣoṣo tí àmì páàdì PlayStation wà lára rẹ̀; ẹ tú u, kí ẹ fa háàdì-dísìkì jáde. Èyí tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti lápútọ́ọ̀pù, 2.5 ínǹṣì, SATA, kí ó má nípọn ju 9.5mm lọ, kí ó má sì kéré sí 160GB. Èyí tó tuntun kò ní nǹkankan nínú, nítorí náà, 7 àti fáìlì ńlá nìkan ló máa gbà.

Ẹ wá ra UPS kan, ìyẹn àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀ bí NEPA bá mú un lọ. PS4 Slim kì í fa ju 165W lọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n LED 32 ínǹṣì kò sì tó 100W. UPS 650VA tí bátìrì rẹ̀ ṣì dáa á gbé méjèèjì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí update fi ń wọlé. Stabilizer kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn: iná tó wà nílẹ̀ ló ń tún ṣe, kò ní iná tirẹ̀ tó máa fún yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí epo rẹ̀ ti ń tán lọ náà kò sàn ju NEPA lọ.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò béèrè. Bí eré tí wọ́n ń ta lọ́dọ̀ yín bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù tí èèyàn méjì ń gbá lójú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, ẹ kò nílò update kankan kí owó tó wọlé. Àwọn tó ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló di dandan fún. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, kí ẹ ṣe update láàárọ̀ ọjọ́ tí ọjà kò yá, ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lálẹ́ Sátidé kò bọ́gbọ́n mu rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, dátà 20GB tí mo rà fún iṣẹ́ mi tán mọ́jú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ mi ní òun kò gbá gẹ́ẹ̀mù, pé update ni PS5 ṣe fúnra rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó ń tàn mí? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Dada Estate

ÌDÁHÙN: Mà, ọmọ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Update ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í jẹ ju nǹkan bíi 1GB lọ. Àwọn gẹ́ẹ̀mù ló jẹ ìyókù. Gẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan ní update tirẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gba ọ̀pọ̀ GB lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fi PS5 sínú Rest Mode (ìsinmi tí ẹ̀rọ kì í kú tán) dípò kí wọ́n pa á, tí hotspot fóònù yín sì wà ní títàn, á máa gbà wọ́n wọlé ní gbogbo òru láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Àkọ́kọ́: Settings, System, System Software, System Software Update and Settings, ẹ pa gbígba fáìlì fúnra rẹ̀ àti fífi sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Èkejì: Settings, Saved Data and Game/App Settings, Automatic Updates, ibí ni ti àwọn gẹ́ẹ̀mù wà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀kẹta: Settings, System, Power Saving, Features Available in Rest Mode, ẹ yọ Stay Connected to the Internet kúrò. Lọ́dọ̀ àwọn tó ní PS4, Settings, System, Automatic Downloads ni kí wọ́n lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ dátà gan-an, ẹ ní kí ọmọ náà ṣí Downloads/Uploads fún yín. Orúkọ gẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. PS4 mi ní update gẹ́ẹ̀mù kan kò ju 900MB lọ, mo sì ní 40GB tó ṣófo. Síbẹ̀ ó ní ààyè kò tó. Ṣé sọ́fítíwià tuntun yìí kò mọ ìṣirò ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ó mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni wọn kò sọ bó ṣe ń ṣe é fún. Bí PS4 bá gba update gẹ́ẹ̀mù tán, kì í kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Á da gẹ́ẹ̀mù náà kọ lódindi síbòmíràn lórí háàdì-dísìkì, á pa update pọ̀ mọ́ ọn, ìgbà tó bá parí ni yóò tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Iṣẹ́ yìí ló máa ń kọ "Copying" sí lójú, tó sì máa ń pẹ́ ju gbígbà rẹ̀ lọ. Bí gẹ́ẹ̀mù náà bá jẹ́ 45GB, ààyè tó tó bíi 46GB ló fẹ́. 40GB rẹ kò tó.

Pa gẹ́ẹ̀mù kan tí o kò gbá mọ́ rẹ́. Ibi tí o bá eré dé kò ní bá a lọ, nítorí ọ̀tọ̀ ni ibi tí PS4 ń kó o sí. Bí o kò bá fẹ́ pa nǹkankan rẹ́, háàdì-dísìkì ìta tó jẹ́ USB 3.0 ni kí o wá, láti 250GB sókè dé 8TB. Ọdún 2017, pẹ̀lú version 4.50, ni wọ́n fún PS4 láǹfààní láti máa kó gẹ́ẹ̀mù sí i. So ó mọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, má ṣe fi ohun tó ń pín ihò USB kan sí púpọ̀ (USB hub) sáàárín. Rántí pé ẹ̀rọ á nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kí ó tó lò ó. Má lọ lo èyí tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ wà lórí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra PS4 tòkunbọ̀ tí gẹ́ẹ̀mù ọ̀fẹ́ ọgbọ̀n wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní n kò gbọdọ̀ ṣe update láéláé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe é kí a lè jọ gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ọmọ Ìgbọ̀nà

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, wọn kò kàn lè jọ wà pọ̀ ni. Wọ́n ti já ẹ̀rọ yẹn (jailbreak): wọ́n ti ṣí ìdènà Sony tó wà lára rẹ̀. Àwọn gẹ́ẹ̀mù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí ihò kan tó wà nínú sọ́fítíwià àtijọ́, irú èyí tí wọ́n rí nínú 9.00 àti 11.00. Lọ sí Settings, System, System Information, wàá rí nọ́ńbà tìrẹ. Bí o bá ṣe update, ihò náà á dí, gẹ́ẹ̀mù ọgbọ̀n yẹn á di èyí tí kò ṣí mọ́, kò sì sí bí o ṣe lè dá sọ́fítíwià padà sẹ́yìn. Sony kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún un. Bí o bá sì gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà yẹn, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ pa.

Bí ó bá jẹ́ tiwa, a ó ṣe update, a ó ra dísìkì méjì tàbí mẹ́ta tí a fẹ́ràn jù, a ó sì máa bá àwọn ọ̀rẹ́ gbá a. Gẹ́ẹ̀mù tí kò ṣeé bá ẹnikẹ́ni gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tètè sú èèyàn. Àmọ́ ìwọ lo na owó. Ohun tí kò dáa ni kí o tẹ bọ́tìnnì kí o tó mọ ohun tó máa lọ. Gẹ́ẹ̀mù tuntun lórí dísìkì náà máa ń gbé sọ́fítíwià tó fẹ́ dání, á sì ní kí o fi sí i kí òun tó ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣèèṣì ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí àwọn tó ń gbá gẹ́ẹ̀mù fi máa ń bínú sí gbogbo update? Ṣé àwọn iléeṣẹ́ yìí tiẹ̀ ń gbọ́? — Òǹkàwé, Àyétòrò

ÌDÁHÙN: Ìdí wà tí ara wọn kì í fi í balẹ̀. Nígbà tí PS3 jáde, èèyàn lè fi sọ́fítíwià kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux sórí rẹ̀ bíi kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2010, version 3.21 dé, ó yọ ọ́ kúrò. Ohun tí èèyàn ti sanwó fún ni o. Àwọn oníbàárà pe Sony lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, version 4.45 ti PS3 kan náà mú kí ẹ̀rọ àwọn kan kọ̀ láti tàn. Sony yára fà á sẹ́yìn, wọ́n sì gbé òmíràn jáde. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn kò ní sáré ṣe update lọ́jọ́ tó bá jáde, a ò sì lè dá a lẹ́bi. Dúró fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ariwo rẹ̀ á ti kárí ayé.

Àmọ́ ibínú kan tún wà tí kò ju pé nǹkan yí padà lọ. Nígbà tí version 8.00 ti PS4 dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ó tún bí a ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti jọ sọ̀rọ̀ tò, ó sì ń sọ fún èèyàn pé wọ́n lè ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti fi ẹjọ́ sùn. Ariwo sọ! Lónìí, ọ̀pọ̀ kò rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwòrán ìpolówó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ìwé àkọ́kọ́ PS5. Àwọn èèyàn figbe ta, Sony ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń gbọ́, bí ariwo náà bá pọ̀ tó.

Èyí tí wọn kì í pariwo rẹ̀ ló máa ń dára jù nígbà mìíràn. Bátìrì kékeré CR2032 kan wà nínú PS4 tó ń tọ́jú aago. Ní 2021, àwọn èèyàn ṣàwárí pé bí bátìrì yẹn bá kú, tí ẹ̀rọ kò sì lè dé orí PSN (ìkànnì PlayStation lórí íntánẹ́ẹ̀tì) láti tún aago tò, gẹ́ẹ̀mù kò ní ṣí mọ́, kódà dísìkì. Version 9.00 tún un ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Sony kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àlàyé tó bá a jáde. Ní ìlú tí tòkunbọ̀ pọ̀ sí bíi tiwa, ẹni tí PS4 rẹ̀ ń gbàgbé ọjọ́ ní ìdí pàtàkì láti má dúró sórí version tó kéré sí 9.00. Oṣù kẹsàn-án yìí kan náà ni wọ́n fún àwọn oní-PS5 láyè láti fi SSD M.2 (ibi ìkó-gẹ́ẹ̀mù-sí tó yára) kún inú ẹ̀rọ wọn. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́yìn update, PS5 mi ń tàn, iná rẹ̀ funfun, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù. — Alẹ́kúwodò

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n yín kò gbà ni ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́. Ẹ wọ Safe Mode bí a ṣe ṣàlàyé fún ti Ọlá-Ìyá lókè, bákan náà ni ti PS5. Ẹ mú nọ́ńbà 2, Change Video Output, kí ẹ kọ́kọ́ yí Resolution, lẹ́yìn náà HDCP Mode sí 1.4. Bí Safe Mode fúnra rẹ̀ kò bá hàn, ẹ pààrọ̀ wáyà HDMI, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí irin kan bá ti tẹ̀ nínú rẹ̀, update kò mọwọ́mẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Láti ìgbà update ni fáànù PS5 mi ti ń han bí jẹnẹrétọ̀. Ṣé kí n tú u fọ̀? — Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Ẹrùpẹ̀ ni, pàápàá bí ọyẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ ṣí ìhà funfun méjèèjì. Ẹ ó rí ihò méjì tí wọ́n dìídì ṣe kí ẹrùpẹ̀ lè máa kó síbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa ẹrùpẹ̀ fà á jáde. Ẹ di abẹ fáànù mú kí ó má yí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u jù bẹ́ẹ̀ lọ láti pààrọ̀ ọ̀dà tó wà lórí ṣíìpù rẹ̀: irin olómi ni Sony lò nínú PS5, kì í ṣe ọ̀dà funfun ti PS4, bó bá kán sórí bọ́ọ̀dù, yóò so ohun tí kò yẹ kó pàdé pọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ óò wá máa wá owó mọ́tò-bọ́ọ̀dù ní tòótọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo tẹ̀lé ọ̀nà fláàṣì fún Xbox One, kò rí i. — Old Garage

ÌDÁHÙN: Òdìkejì PlayStation ni: NTFS ni Xbox fẹ́, fláàṣì tuntun kì í sì í sábà wá bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS, kí ẹ tú fáìlì OSU1 tí ẹ gbà lójú-ewé Xbox, kí ẹ gbé fódà $SystemUpdate síta gbangba lórí fláàṣì, kì í ṣe sínú fódà mìíràn. Bí ẹ̀rọ kò bá wọlé rárá, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ fún bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ dá a padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Pair àti Eject mọ́lẹ̀ pọ̀, kí ẹ tẹ ti agbára lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má gbọ́wọ́ kúrò lórí méjì àkọ́kọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ ìdún lẹ́ẹ̀mejì. Offline system update ni kí ẹ yàn.